Láti Asọ̀rọ̀mágbèsì dé Wi-Fi: Ìtàn Iṣẹ́ Àtúnṣe Ẹ̀rọ Aláìlówáyà ní Ọ̀jọ́ àti Ìjànìkin

Kí kọ̀ǹpútà alágbèéká, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní láptọ́ọ̀pù, tó dé ilẹ̀ Àwórì rárá ni èdè Yorùbá ti ní orúkọ fún ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn wá láti ọ̀nà jíjìn, asọ̀rọ̀mágbèsì sì ni orúkọ náà. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ti wo iṣẹ́ ẹ̀rọ náà dáadáa. Nígbà tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í pín rédíò káàkiri Èkó ní 1935, àpótí kékeré ni wọ́n ń gbé sí ilé ẹni tó bá san owó oṣù, wáyà ni wọ́n sì fi ń so àpótí náà mọ́ ibùdó tó ń gba ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ BBC láti Lọ́ńdọ̀nù; onílé ń gbọ́ ohun gbogbo tí àpótí bá wí, ṣùgbọ́n bó pariwo títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní mọ̀ pé ó lanu. Wi-Fi, èyí tí í ṣe ọ̀nà tí láptọ́ọ̀pù ń gbà wọ íntánẹ́ẹ̀tì láìlo wáyà, jẹ́ òdìkejì asọ̀rọ̀mágbèsì pátápátá, nítorí pé gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá sọ ló gbọ́dọ̀ gbèsì, bí èsì kò bá sì dé, yóò tún ọ̀rọ̀ náà sọ títí yóò fi sú u. Ìyàtọ̀ yìí ni ó ya iṣẹ́ atúnrédíòṣe ti àtijọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ẹni tí ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe lónìí, òun náà ló sì fún ìtàn iṣẹ́ yìí ní ìtumọ̀ ní agbègbè tó nà láti ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́, tó gba Ìbà àti Okokomaiko kọjá, tó fi dé Ìjànìkin.

Àwọn Àwórì ló ni ilẹ̀ yìí. Ọlọ́jọ́ ni ọba Ọ̀jọ́, Oníbà ni ọba Ìbà, Ìjànìkin sì wà nínú ilẹ̀ Òtò-Àwórì. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tẹ̀lé ìpín yìí nígbà tí ó yọ agbègbè ìdàgbàsókè Ìbà àti ti Òtò-Àwórì jáde láti ara ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ ní 2003. Ohun tó yí agbègbè náà padà kúrò ní ilẹ̀ apẹja àti àgbẹ̀ ni ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ láti Èkó sí Àgbádárìgì, tó sì kọjá lọ sí ẹnu ibodè Benin, nítorí pé ẹ̀bá ọ̀nà yìí ni ọjà àti ilé-ẹ̀kọ́ tó ṣe kókó nínú ìtàn yìí wà. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 ni àwọn oníṣòwò rédíò àti tẹlifíṣàn, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Ìgbò, kó kúrò ní Alábà Orò ní ìhà Àjẹ́gúnlẹ̀ wá sí Ọ̀jọ́, tí wọ́n sì dá ọjà Alábà tuntun sílẹ̀, ọjà tí òkìkí rẹ̀ kàn dé àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mìíràn. Ní 1983 ni ìjọba Lateef Jakande ṣe òfin tó dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LASU, sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́; kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà ní Òtò-Ìjànìkin sì di yunifásítì ẹ̀kọ́ olùkọ́ ti ìpínlẹ̀ náà ní 2022. Ọjà ń kó ẹ̀rọ wọlé, ilé-ẹ̀kọ́ ń kó ẹni tí yóò lò ó wọlé, atúnṣe sì wà láàárín àwọn méjèèjì.

Atúnṣe náà kò bọ́ láti ojú ọ̀run. Rédíò alásomọ́wáyà ti 1935 ti fi àyè sílẹ̀ fún rédíò tí ń gba ìgbì láti inú afẹ́fẹ́, tẹlifíṣàn ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, rédíò kékeré abátìrì sì ti wọ inú oko nígbà tí àwọn oníṣòwò Alábà ń kó ẹrù wọn dé Ọ̀jọ́. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ atúnrédíòṣe ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi irin gbígbóná yọ́ òjé láti lẹ ẹsẹ̀ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ mọ́ bọ́ọ̀dù, èyí tí wọ́n ń pè ní sódà; ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi mítà wá ibi tí iná ti já; ó sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí eríà, irin gbọọrọ tí ń gba ìgbì, síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ohùn yóò fi mọ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni ọ̀gá yóò ṣe fúrídọ́ọ̀mù fún un, tí àdúrà àti ìwé-ẹ̀rí yóò sì tẹ̀lé e. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí, ìhà kan ṣoṣo ni ìgbì ń gbà wá. Bí rédíò bá ń fọ̀, a jẹ́ pé ó ti sàn.

Àwọn tó fi ìpìlẹ̀ Wi-Fi lélẹ̀ kò gba ọ̀nà yìí. Ní 1971, Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Hawaii fi ìgbì rédíò so kọ̀ǹpútà tó wà ní àwọn erékùṣù pọ̀, nínú ètò tí wọ́n pè ní ALOHAnet. Ìlànà tí wọ́n là sílẹ̀ rọrùn: ẹ̀rọ tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò sọ ọ́ ní ègé kékeré, yóò sì dúró de èsì pé ègé náà ti dé, bí ẹ̀rọ méjì bá jọ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀rọ̀ wọn fi lu ara wọn, èsì kò ní dé, kálukú yóò sì dákẹ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí kò bá ti ẹnì kejì mu kó tó tún un sọ. Ní 1985, ìjọba Amẹ́ríkà fàyè gba lílo àwọn ìgbì kan láìgba ìwé-àṣẹ, pàápàá èyí tó wà ní nǹkan bíi gígáhátìsì 2.4, ìyẹn ìgbì tó ń mì ní nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún méjì ó lé irinwó mílíọ̀nù ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó sì jẹ́ ọmọ ìyá èyí tí ààrò máíkírówéfù fi ń gbóná oúnjẹ. Ìlànà tí gbogbo ilé-iṣẹ́ yóò máa tẹ̀lé jáde ní 1997, orúkọ Wi-Fi, tí kì í ṣe àgékúrú ọ̀rọ̀ kankan, jáde ní 1999, ilé-iṣẹ́ Intel sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta Centrino, àkójọ ẹ̀yà ara fún láptọ́ọ̀pù, ní 2003, èyí tó sọ Wi-Fi di ẹ̀yà ara láptọ́ọ̀pù, nígbà tí ó jẹ́ pé káàdì ni wọ́n ń tì bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀. Ó yẹ kí òǹkàwé fi ọdún 2003 yìí sọ́kàn, nítorí pé láti ìgbà náà ni àìsàn Wi-Fi ti di àìsàn láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, nẹ́tíwọ̀kì kò tètè dé bá ẹ̀rọ. Títí di òpin ọ̀rúndún ogún, NITEL, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó tẹlifóònù láti 1985, kò fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní tó mílíọ̀nù kan ìlà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní láti lọ sí káfẹ̀, níbi tí awo ńlá orí òrùlé ti ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń ta àkókò ní wákàtí-wákàtí. Ní 2001 ni fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀, ní 2002 ni okùn abẹ́ òkun SAT-3 ṣí, ní 2010 sì ni okùn MainOne, tí Funke Opeke dá sílẹ̀, gbé ọ̀nà tuntun láti ilẹ̀ Portugal wá sí Èkó. Módẹ́ẹ̀mù tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni àpótí kékeré tó ń sọ nẹ́tíwọ̀kì fóònù di Wi-Fi, tí ó sì di pé fóònù àpò lásán ti lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Àwọn káfẹ̀ ẹ̀bá LASU kò kú ikú òjijì. Ìforúkọsílẹ̀ JAMB, àbájáde ìdánwò WAEC àti ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí JAMB bẹ̀rẹ̀ ní 2013, tó sì sọ di ti gbogbo olùdánwò ní 2015, mú kí ọ̀pọ̀ káfẹ̀ di ibi ìtẹ̀wé, ibi ìforúkọsílẹ̀ àti ibi àtúnṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Níbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sọ ẹjọ́ tí gbogbo atúnṣe mọ̀ lórí: fóònù òun ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, láptọ́ọ̀pù òun kò wọ̀ ọ́.

Láptọ́ọ̀pù wo? Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn láptọ́ọ̀pù tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rà jẹ́ tòkunbọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí ẹlòmíràn ti lò ní òkè òkun kí ó tó gba ojú omi wá, àwọn oníṣòwò mìíràn sì máa ń pe irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ní Belgium. Ní 2005, àjọ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí Èkó, ó ní nǹkan bíi 500 kọ̀ńténà kọ̀ǹpútà àlòkù ló ń gúnlẹ̀ lóṣù, pé kọ̀ńténà kọ̀ọ̀kan lè gba nǹkan bíi 800 ẹ̀rọ, àti pé, gẹ́gẹ́ bí ohun tí àwọn oníṣòwò fúnra wọn sọ, ohun tó lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹrù náà ni kò ṣeé tà, tí kò sì ṣeé tún ṣe. Ìjọba àpapọ̀ ṣe ìlànà lórí ẹrù iná mọ̀nàmọ́ná ní 2011. Síbẹ̀ ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe ní àwọn èbúté Èkó ní 2015 àti 2016, tó jáde ní 2018, fi hàn pé nǹkan bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ẹrù bẹ́ẹ̀ ṣì ń wọlé lọ́dún, tí ó kéré tán 15,700 tọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Àwọn òǹkọ̀wé òkè òkun máa ń ka irú iye báyìí bí ìtàn ìdọ̀tí nìkan, òótọ́ sì ni pé ìdọ̀tí wà níbẹ̀, tí èéfín wáyà tí wọ́n ń dáná sun sì ń ṣe ìpalára. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣàkíyèsí tó pé òkìtì náà ni ilé ìkẹ́rùsí atúnṣe. Láti ara òkú láptọ́ọ̀pù ni káàdì Wi-Fi tí yóò fi jí alààyè ti ń wá.

Lórí káàdì yìí, tí kò ju àtàǹpàkò méjì lọ, ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Atúnṣe tó ti inú iṣẹ́ rédíò wá gbà pé bí ẹ̀yà kan bá kú, irú rẹ̀ ni kí á fi rọ́pò rẹ̀; ó yọ káàdì tó dára láti ara ẹ̀rọ kan, ó fi sínú òmíràn, ó tan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì kọ̀ láti ṣí. Àwọn ThinkPad kan yóò kọ 1802 sójú, pé káàdì tí a kò fàṣẹ sí ni wọ́n kì bọ òun. Àwọn HP kan yóò kọ 104, wọn yóò sì dúró gbagidi. Ohun tó fà á ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti to orúkọ àwọn káàdì tí wọ́n fọwọ́ sí sínú ìrántí ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ, èyíkéyìí tí kò bá sí nínú rẹ̀ sì di àjèjì. Kò sí ohun tó jọ èyí nínú iṣẹ́ rédíò. Ibẹ̀ ni àwọn atúnṣe ti kọ́ láti máa ka nọ́ńbà kékeré tó wà lẹ́yìn káàdì kí wọ́n tó kí oníbàárà kú oríire.

Eríà láptọ́ọ̀pù kò sí lára káàdì. Inú ìdérí ni ó wà, ní ẹ̀gbẹ́ ojú ẹ̀rọ, níbi tí ó ti ga jù. Wáyà méjì tín-ín-rín, tí ó sábà máa ń jẹ́ dúdú àti funfun, ló so ó mọ́ káàdì, wọ́n sì gba inú híńjì kọjá, ìyẹn ìpàdé irin tí ìdérí fi ń ṣí tí ó fi ń pa dé. Lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ṣí i ni wáyà ń tẹ̀ díẹ̀, láptọ́ọ̀pù tó ti lo ọdún mẹ́rin nílé-iṣẹ́ kan ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà kí ó tó dé Ọ̀jọ́ sì ti tẹ̀ wọ́n ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ẹni tó pààrọ̀ ojú ẹ̀rọ tó fọ́ lè gbàgbé láti dá wáyà padà sí ipa rẹ̀, tàbí kí ó fi ìdérí fún un mọ́lẹ̀. Àìsàn tí èyí ń fà ló tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ jù: láptọ́ọ̀pù ń rí orúkọ nẹ́tíwọ̀kì, ṣùgbọ́n kò lè wọlé, tàbí kí ó wọlé kí ó sì já. Ráútà, àpótí tó ń pín nẹ́tíwọ̀kì, ń pariwo, láptọ́ọ̀pù sì ń gbọ́. Àmọ́ nígbà tí láptọ́ọ̀pù bá dáhùn pẹ̀lú eríà tó ti já, ohùn rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ ráútà. Ó ti di asọ̀rọ̀mágbèsì padà. Atúnrédíòṣe tó bá fi etí àtijọ́ gbọ́ ọ yóò ní ara rẹ̀ ti yá, níwọ̀n ìgbà tí ó ń gbọ́ràn. Àwọn àgbà iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ gbàgbé ohun tí wọ́n ti mọ̀ fún ogún ọdún kí wọ́n tó rí àìsàn yìí.

Òmíràn tún wà tó jẹ́ ti tòkunbọ̀ nìkan. Wọ́n pín ìgbì gígáhátìsì 2.4 sí ojúlé, ìyẹn àwọn ọ̀nà tóóró tí ẹ̀rọ lè yàn láàárín wọn, òfin sì yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀: ní Amẹ́ríkà, ojúlé 1 dé 11 ni ẹ̀rọ ilé sábà máa ń lò, ní ilẹ̀ Yúróòpù wọ́n ń lo 12 àti 13 pẹ̀lú. Ráútà tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá lè jókòó sí ojúlé 13, láptọ́ọ̀pù tó ti Amẹ́ríkà wá sì lè wà ní tábìlì kan náà kí ó má rí i rárá, bí ẹni pé àwọn méjèèjì kò sí nínú yàrá kan. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ nínú wọn. Ìwé ìrìnnà wọn ni kò bára mu, ojúlé tí a bá sì yí sí 6 ń parí ìjà náà láìtú ìdè kankan.

Àwọn àìsàn tí kì í ṣe ti ara ẹ̀rọ wá pọ̀ ju ti ara ẹ̀rọ lọ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Dráífà, ìyẹn ìtọ́ni tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa lo káàdì, máa ń pòórá nígbà tí wọ́n bá pa Windows rẹ́ láti gbé òmíràn sí i, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ti ń rí dráífà gbà, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ nílò íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni àkójọ dráífà lórí díìsìkì, lẹ́yìn náà lórí fíláàṣì, fi di ohun ìní pàtàkì fún atúnṣe. Tí wọn kò bá sì ní i, wọ́n á fi okùn so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù kí ó yá a ní nẹ́tíwọ̀kì fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bátìrì kékeré tó dà bí owó ẹyọ, tó ń ṣọ́ ọjọ́ àti àkókò nínú ẹ̀rọ, a máa kú nínú ilé ìkẹ́rùsí, láptọ́ọ̀pù á sì gbà pé ọdún ti padà sẹ́yìn púpọ̀. Wi-Fi rẹ̀ yóò wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n ojú ewé kan kò ní ṣí, nítorí pé ìwé-ẹ̀rí ààbò tí ojú ewé ń fi hàn ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó parí, ọjọ́ ẹ̀rọ sì ti bọ́ sẹ́yìn èyí tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wo igun ojú ẹ̀rọ kó tó mú sukudíráífà ni yóò gba owó rẹ̀ láìlàágùn. Ètò tí Windows fi ń pa káàdì Wi-Fi láti pa bátìrì mọ́ wà pẹ̀lú, òun ló sì sábà máa ń fa jíjá lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá sùn tó sì jí. Ìlànà àṣírí tún yí padà, láti WEP ti 1997 dé WPA2 ti 2004 àti WPA3 ti 2018, tó fi jẹ́ pé láptọ́ọ̀pù àgbà kò gbọ́ èdè tí ráútà ọmọdé ń sọ.

Gbogbo èyí ṣì wà lórí tábìlì atúnṣe. Ohun tó wà níta kò ṣeé gbé sórí tábìlì. Nínú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìhà Ìbà àti Okokomaiko, yàrá gbá yàrá, olúkúlùkù sì ní àpótí Wi-Fi tàbí fóònù tirẹ̀ tó ń tan nẹ́tíwọ̀kì. Nínú ojúlé gígáhátìsì 2.4, mẹ́ta péré, 1, 6 àti 11, ni kò gun orí ara wọn, ìdí nìyí tí ogún ẹ̀rọ fi ń dákẹ́ de ara wọn, tí ẹni tó ni ẹ̀rọ sì gbà pé láptọ́ọ̀pù òun ló ń ṣàìsàn. Òrùlé páànù a máa ta ìgbì padà, ògiri búlọ́ọ̀kù a máa pa á lára, ọ̀rá omi tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà a sì máa mu nínú rẹ̀. Iná kì í dúró. Bí NEPA, tí àwọn aráàlú kò yé pè bẹ́ẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ aládàáni ló ń pín iná láti 2013, bá ti mú un lọ, ráútà á kú, bí jẹnẹrétọ̀ bá sì tan, yóò bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà jíjìn náà ní ti ẹ̀: ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já ní ìhà etíkun Côte d'Ivoire lẹ́ẹ̀kan náà, íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì dẹ̀ tàbí kó dákẹ́ pátápátá. Kò sí atúnṣe Ọ̀jọ́ kankan tí ó lè fi sódà so okùn wọ̀nyẹn.

Nítorí èyí ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà fi ti ara títú ẹ̀rọ bọ́ sí ara ìdánwò. Atúnṣe tó mọṣẹ́ kò kọ́kọ́ tú nǹkan kan. Fóònù tirẹ̀ ni yóò fi tan nẹ́tíwọ̀kì, yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù, bó bá sì wọlé, káàdì ń gbọ́, ó sì ń fèsì. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé fóònù náà jáde sí ẹnu ọ̀nà, yóò sì kọjá sí òdìkejì títì: bí láptọ́ọ̀pù bá já kíákíá nígbà tí fóònù mìíràn tó wà lórí tábìlì kò já, eríà inú ìdérí ló ní ọ̀rọ̀ í sọ, bí méjèèjì bá já pa pọ̀, afẹ́fẹ́ ló kún. Bó bá wọlé tí ojú ewé kò ṣí, ọjọ́ ẹ̀rọ ni yóò wò, lẹ́yìn èyí ni yóò béèrè bóyá dátà ṣì kù. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì dára ní ṣọ́ọ̀bù, tí oníbàárà padà wá láti Ìjànìkin ní ọ̀la pé kò tún ṣiṣẹ́ nílé, kì í tún ṣí láptọ́ọ̀pù náà mọ́. Ibi tí wọ́n gbé ráútà sí ni yóò béèrè, àti irú ògiri tó wà láàárín.